Òfin Àṣírí, Amí àti Akọ̀wé: Ìtàn Òmìnira Ìwé Ìròyìn àti ti Ẹ̀kọ́ Gíga, láti Ọ̀wọ̀



Iṣẹ́ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ ni láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn òfin tí ìjọba fi ń dáàbò bo àṣírí rẹ̀ lọ́wọ́ amí, àti lọ́wọ́ àwọn ará òkèèrè tí wọ́n bá fẹ́ tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ ìlú wa. Kí n sì ṣàlàyé ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń fojú akọ̀ròyìn àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga rí. Èmi kì í ṣe amòfin. Lítíréṣọ̀ ni mo ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ilẹ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́ tí kò ní bá àwọn òfin wọ̀nyí pàdé, nítorí pé àwọn òǹkọ̀wé tí à ń ka ìwé wọn nínú kíláàsì wà lára àwọn tí òfin náà kọ́kọ́ máa ń gbá mú.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn gbè lẹ́yìn lónìí kò pọ̀. Ní ilẹ̀ wa, òfin àṣírí kì í sábà mú amí. Akọ̀wé ni ó ń mú. Nígbà kan tí ọwọ́ òkèèrè sì wọ inú iṣẹ́ ọnà àti ẹ̀kọ́ wa ní tòótọ́, ìwé ìròyìn tí ó ní òmìnira ni ó tú àṣírí rẹ̀, òfin àṣírí kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá. Bí a bá gba èyí, a ó mọ irú òfin tí ó yẹ kí á béèrè fún.

1. Àjèjì àti onílé ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Ó dára kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ó rọrùn láti fa ìlà sáàárín ohun tí ó jẹ́ tiwa àti ohun tí ó jẹ́ ti àjèjì, kí ó wá sí agbègbè yìí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ọ̀wọ̀ sọ fún wa pé Ọlọ́wọ̀ Òṣógboyè gbé ààfin Ọba Ìbìní nígbà èwe rẹ̀, àti pé ó sá padà wálé láti jọba nígbà tí baba rẹ̀ wàjà. Idà oyè tí àwọn ìjòyè Ọ̀wọ̀ ń pè ní udàmàlóre gbé àpẹẹrẹ Ìbìní wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé sì gbà pé àwọn agbẹ́gilére tí ń fi eyín erin ṣiṣẹ́ ọnà ní Ọ̀wọ̀ ṣe iṣẹ́ tí ó dé ààfin Ìbìní. Nígbà tí Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó'Lájà ní ìlú yìí láàárín 1969 sí 1971, àwọn ère amọ̀ tí ó hú jáde, tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí ọ̀rúndún 15, fi ara jọ ti Ifẹ̀, wọ́n sì fi ara jọ ti Ìbìní. Síbẹ̀, ti Ọ̀wọ̀ ni wọ́n.

Bí a bá sọdá sí apá Ọ̀sẹ́, a óò rí i pé ní Ìdóàní, àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ èdè Iyayu, èdè tí ó bá àwọn èdè Ẹdó tan, tí wọ́n sì ń gbọ́ Yorùbá bí omi. Ta ni àjèjì níbẹ̀? Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ èdè náà sílẹ̀ kí ó má baà parun yóò nílò ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, àwòrán ilẹ̀, lẹ́tà sí àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òkè òkun, àti owó tí ó lè jẹ́ ti òkè òkun. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ọlọ́pàá tí ó bá ń fura lè pè ní irinṣẹ́ amí.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ìlú kan lè fẹ́ máa ṣọ́ ìlú kejì. Ajẹ́lẹ̀ tí Ọ̀yọ́ fi sí àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo ohun tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ kì í fara pamọ́: gbogbo ìlú mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí ó rán an, wọ́n sì mọ ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ sọ létí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ajẹ́lẹ̀ yìí sọ́kàn. Kí a mọ ẹni tí ó rán ènìyàn wá, ọ̀tọ̀ ni. Kí a má gba àlejò rárá, ọ̀tọ̀ ni.

2. Ibi tí òfin náà ti wá

Òfin tí à ń sọ kò hù ní ilẹ̀ wa. Ní 1909, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ní Gúúsù Nàìjíríà láti fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá sọ tàbí kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà sí ìdìtẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ṣe é. Ní Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ní oṣù Kẹjọ 1911, nígbà tí ẹ̀rù amí Jámánì ń ba gbogbo ènìyàn, ilé aṣòfin kékeré gba Òfin Àṣírí Ìjọba wọlé láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Apá kejì òfin yẹn gbòòrò dé ibi pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá sọ ohunkóhun tí ó rí lẹ́nu iṣẹ́ fún ẹni tí kò ní àṣẹ láti gbọ́ ọ lè lọ sẹ́wọ̀n, ẹni tí ó gbọ́ náà sì lè tẹ̀ lé e.

Ọmọ tí òfin 1911 bí sí ilẹ̀ wa ni Òfin Àṣírí Ìjọba ti 1962, tí a ṣe ní ọdún kejì òmìnira. Ó ní ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ohun tí ìjọba pè ní àṣírí fún ẹni tí kò ní àṣẹ, tàbí tí ó gbà á, tàbí tí ó dà á kọ, tàbí tí ó pa á mọ́ sọ́wọ́, ti ṣẹ̀. Ó ka àwọn ibi kan sí ibi tí a dáàbò bò, tí ẹni tí ó bá ya àwòrán wọn fún ète tí ó lè pa ààbò ìlú lára lè jẹ̀bi. Ìyà tí ó wúwo jù nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì. Èkíní, ìjọba ni ó ń lẹ orúkọ àṣírí mọ́ ìwé, ìjọba kan náà ni ó sì ń pe ẹjọ́. Èkejì, kò sí ibi kankan nínú òfin náà tí a ti sọ pé akọ̀ròyìn lè dáhùn pé: bẹ́ẹ̀ ni, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí pé ìlú ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ ọ́n.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ni òfin náà ti tún tiwọn ṣe. Ní 1985, àwọn ìgbìmọ̀ tí ń bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù dá Clive Ponting sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó fi ìwé lórí ogun Falklands fún aṣòfin kan. Ní 1989 wọ́n yọ apá kejì tí mo mẹ́nu bà kúrò. Ní 2023 wọ́n fi òfin tuntun rọ́pò èyí tí ó kù nínú ti 1911. Tiwa ti 1962 ṣì wà nínú ìwé òfin.

3. Láti Ọ̀wọ̀ ní 1951 dé ilé ẹjọ́ ní 1962

Ìlú yìí ní ìpín tirẹ̀ nínú ìtàn náà. Níbí ni wọ́n ti fi ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group lọ́lẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 1951. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbé e ró ni Michael Adékúnlé Ajásin, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Ìmádé láti 1947, tí ó kọ ìwé ìmọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ náà fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Olùkọ́ ni, kí ó tó di òṣèlú.

Ní 1962, ọdún kan náà tí a ṣe Òfin Àṣírí, ìjọba àpapọ̀ gbé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ipá gba ìjọba. Òfin ìdìtẹ̀ ni wọ́n fi pè wọ́n, kì í ṣe Òfin Àṣírí; ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkèèrè ni ó wà nínú ẹ̀sùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí wọ́n ní a ti rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ogun ní Gánà. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ fẹ́ mú agbẹjọ́rò kan láti Lọ́ńdọ̀nù wá gbà á sílẹ̀, ìjọba kò jẹ́ kí agbẹjọ́rò náà wọ ìlú. Ní oṣù Kẹsàn-án 1963, wọ́n fún Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí ó gbàgbọ́ pé ó jẹ̀bi àti ẹni tí ó gbàgbọ́ pé kò jẹ̀bi wà títí di òní. Èmi kò wá tún ẹjọ́ náà dá. Ohun tí mo fẹ́ kí á mú níbẹ̀ ni pé láti ìgbà náà ni "òkèèrè" ti di ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fi pa alátakò rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Mo tún fẹ́ kí á mú ọkùnrin kan. Olóyè Anthony Enahoro jẹ́ ọmọ Uromi, lẹ́yìn odò Ọ̀sẹ́ níhà ìlà oòrùn. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́ olóòtú ìwé ìròyìn ní àwọn ọdún 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í sẹ́wọ̀n nítorí ohun tí ó kọ. Nínú ọ̀ràn 1962 yìí, ó sá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fà á padà wá sílé ní 1963, ó lọ sẹ́wọ̀n. A óò tún pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i.

4. Ọdún 1967

Ẹ jẹ́ kí á dé Ìbàdàn, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti kan iṣẹ́ tèmi gan-an. Ní 1957, Ulli Beier àti Janheinz Jahn dá ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus sílẹ̀. Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán kó ara wọn jọ sí Ẹgbẹ́ Mbari. Mbari ni ó tẹ ìwé ewì Christopher Okigbo, eré J. P. Clark àti ti Wọlé Ṣóyínká jáde, òun náà ni ó tẹ ewì Dennis Brutus, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti gbẹ́nu lé. Ní Òṣogbo, Dúró Ládiípọ̀ àti Beier ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní 1962, níbi tí àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ rí eré Ọba Kò So. Bí a bá yọ ọdún wọ̀nyí kúrò, lítíréṣọ̀ wa yóò di ilé tí a yọ òpó àárín rẹ̀.

Apá kan nínú owó tí Mbari fi ṣiṣẹ́ wá láti ọwọ́ ẹgbẹ́ kan ní Paris tí ń jẹ́ Congress for Cultural Freedom. Ní oṣù Kẹrin 1966, ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, CIA, ni ó ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ náà lábẹ́lẹ̀. Ní 1967, ìwé ìròyìn Ramparts àti àwọn mìíràn tú iṣan owó náà sí gbangba, nígbà tí ó sì di oṣù Karùn-ún, kò sí ẹni tí ó tún lè sẹ́ ẹ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé wa sọ pé àwọn kò mọ̀.

Kí ni ibi tí ó wà níbẹ̀? Mo ti ka àwọn ìwé Mbari láti èpo dé èpo, èmi kò sì rí èyí tí a lè pè ní ìwé amí. Ewì Brutus kò gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni tí ń ni ènìyàn lára. Ibi náà ni pé a fi òtítọ́ pamọ́ fún àwọn tí ó gba owó náà. A gba ẹ̀tọ́ wọn láti yàn lọ́wọ́ wọn: bóyá wọn ì bá gbà á, bóyá wọn ì bá kọ̀ ọ́. Ajẹ́lẹ̀ ti wọ ìlú, a kò sì mọ ilé rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kan kí àjèjì tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ wa, èyí gan-an ni àpẹẹrẹ rẹ̀.

Ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ni ó tú u fó, pẹ̀lú òmìnira tí wọ́n ní láti gbógun ti ìjọba tiwọn. Òfin Àṣírí ti 1962, tí ó ti pé ọdún márùn-ún lórí ìwé wa, kò mú ẹnikẹ́ni, kò sì kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà náà ni ogun dé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 1967, Ojukwu kéde Bìàfírà. Ní oṣù Kẹjọ, Ṣóyínká, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn láti máa darí Ilé Ẹ̀kọ́ Eré Oníṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn, lọ sí ìhà ìlà oòrùn láti bá àwọn aṣáájú Bìàfírà sọ̀rọ̀ kí ogun lè dáwọ́ dúró. Nígbà tí ó padà, wọ́n mú un. Kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ ìròyìn nígbà náà, Olóyè Enahoro tí mo ní a óò tún pàdé, jáde sí àwọn oníròyìn pé ọkùnrin náà ti jẹ́wọ́ pé òun gbà láti ran ọ̀tá lọ́wọ́. Ṣóyínká ní òun kò jẹ́wọ́ ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. A kò gbé e dé ilé ẹjọ́ kankan. Títí di oṣù Kẹwàá 1969 ni ó wà ní àhámọ́, ọ̀pọ̀ nínú àkókò náà ní òun nìkan nínú ẹ̀wọ̀n Kàdúná. Ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀, The Man Died, jáde ní 1972.

Bí ẹ bá rò pé ti Nàìjíríà nìkan ni èyí, ẹ wo Kampala. Rajat Neogy, tí ó dá ìwé Transition sílẹ̀, ti gba owó ẹgbẹ́ Paris kan náà láìmọ orísun rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1968, ìjọba Obote mú un. Kì í ṣe nítorí owó náà ni, bí kò ṣe nítorí lẹ́tà kan tí ó tẹ̀ jáde lórí yíyan àwọn adájọ́ ní Uganda. Owó àṣírí kọjá lọ ní àlàáfíà. Lẹ́tà tí ó ní orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ nísàlẹ̀ ni ó di ọ̀ràn.

5. Láyé àwọn ológun

Nígbà tí àwọn ológun padà dé ní òpin 1983, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ nílò òfin 1962, nítorí àṣẹ tiwọn mú ju òfin lọ. Àṣẹ Nọ́ńbà 2 ti 1984 fún wọn lágbára láti ti ènìyàn mọ́lé láìsí ẹjọ́ ní orúkọ ààbò ìlú. Àṣẹ Nọ́ńbà 4 ti ọdún kan náà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti tẹ ìròyìn tí kò dá ṣáṣá jáde nípa òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní oṣù Keje 1984, wọ́n fi Túndé Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian sẹ́wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bu owó ìtanràn ₦50,000 lé ilé iṣẹ́ náà. Kí ni wọ́n kọ? Ìròyìn lórí àwọn tí a fẹ́ rán gẹ́gẹ́ bí aṣojú wa sí ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ, wọn kò sọ.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́ gíga, ní 1988 ni wọ́n gbé Patrick Wilmot, ọmọ Jàmáíkà tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní yunifásítì Ahmadu Bello ní Sáríà, jù sínú ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n sì lé e jáde ní orílẹ̀-èdè láìsí ẹjọ́. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá rí i bí wọ́n ti gbé ẹnìkejì rẹ̀ lọ kò nílò ìkìlọ̀. Yóò yọ ìbéèrè kan kúrò nínú ìdánwò. Yóò fi orí kan sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Báyìí ni òmìnira ẹ̀kọ́ ṣe ń kú, kò sì ní sí àkọsílẹ̀ ọjọ́ ikú rẹ̀ níbì kankan.

Ọdún 1995 ni ó burú jù. Nígbà tí ìjọba Abacha ní àwọn kan fẹ́ gba ìjọba, ìgbìmọ̀ ológun kan gbọ́ ẹjọ́ náà ní ìkọ̀kọ̀, ó sì dá oníròyìn mẹ́rin lẹ́bi pé wọ́n gbè lẹ́yìn ìdìtẹ̀: Kúnlé Ajíbádé ti TheNews, Chris Anyanwu ti The Sunday Magazine, George Mbah ti Tell, àti Ben Charles-Obi ti Weekend Classique. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí ọ̀ràn náà ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Wọ́n kọ́kọ́ dá ẹ̀wọ̀n gbére fún wọn, wọ́n sì wá sọ ọ́ di ọdún 15. Lẹ́yìn ikú Abacha ní 1998 ni wọ́n tó jáde. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ọdún náà ni wọ́n mú Ajásin ní Ọ̀wọ̀ níbí, pẹ̀lú àwọn 39 mìíràn, pé wọ́n ṣe ìpàdé òṣèlú tí kò bá òfin mu. Ó ti súnmọ́ ẹni ọdún 87. Òun ni ó ń ṣe olórí NADECO, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1994 láti béèrè pé kí a bọ̀wọ̀ fún ìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993. Nítorí pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà ti sá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, tí rédíò wọn sì ń dún láti òkèèrè, ìjọba kì í yéé sọ pé àwọn òyìnbó ni ó ń tì wọ́n. Ta ni ó wà nínú NADECO pẹ̀lú Ajásin, tí wọ́n tì mọ́lé ní 1994, tí ó sì fi ìlú sílẹ̀ ní 1996? Enahoro ni.

Ẹ wo ìrìn ọkùnrin yìí. Ìjọba àjèjì fi í sẹ́wọ̀n nítorí ìwé ìròyìn. Ìjọba tiwa fà á láti òkèèrè wá sẹ́wọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ wá jókòó sí àga ìjọba, ó sì fi ẹ̀sùn ìrànlọ́wọ́ fún ọ̀tá kan òǹkọ̀wé. Ìjọba mìíràn sì tún fi ẹ̀sùn òkèèrè lé e kúrò nílé. Èmi kò sọ èyí láti fi bú olóògbé. Mo sọ ọ́ kí ẹni tí ó wà lórí àga lónìí lè mọ̀ pé idà tí kò ní àkọ̀ kì í mọ ọwọ́ ẹni tí ó rọ ọ́.

6. Láti 1999 títí di ìsinsìnyí

Ìgbà àwa-ara-wa mú ìyípadà ńlá kan wá. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní FOI, fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n sì dá a lóhùn láàárín ọjọ́ méje. Apá 28 rẹ̀ sọ gbangba pé lílẹ orúkọ àṣírí mọ́ ìwé lábẹ́ òfin 1962 kò tó láti fi dènà rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí wà lára ibi tí a ti dán òfin náà wò. Nígbà tí ará ìlú kan béèrè àbájáde àyẹ̀wò owó ìpínlẹ̀ láti 2012 sí 2014, wọ́n ní òfin ìjọba àpapọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ní oṣù Kẹta 2018, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Àkúrẹ́ ní ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní oṣù Kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ohun kan náà fún gbogbo ìpínlẹ̀, nínú ẹjọ́ tí ó ti Ẹdó wá.

Ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ kò tíì sùn. Ní oṣù Kẹjọ 2018, ọlọ́pàá mú Samuel Ogundipe ti Premium Times, wọ́n sì ń béèrè ẹni tí ó fún un ní lẹ́tà ọlọ́pàá tí ó fi kọ ìròyìn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 2019, àwọn sójà wọ àwọn ọ́fíìsì Daily Trust, wọ́n kó kọ̀ǹpútà, wọ́n mú òṣìṣẹ́, wọ́n sì tọ́ka sí Òfin Àṣírí Ìjọba, nítorí ìròyìn kan lórí ètò ogun ní Baga. Mo gbà pé kò yẹ kí a sọ fún ọ̀tá ọ̀nà tí ọmọ ogun wa yóò gbà. Ohun tí n kò gbà ni pé sójà ni yóò pinnu pé a ti ṣẹ̀, tí yóò mú ẹlẹ́ṣẹ̀, tí yóò sì kó ẹ̀rí lọ, kí adájọ́ tó gbọ́ ohunkóhun.

Ìlú yìí kò lè fi ọ̀rọ̀ ààbò ṣeré. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn oníbọn wọ ilé ìjọsìn St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa àwọn olùjọsìn bí ogójì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn fura sí ISWAP, ẹgbẹ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ dé òkèèrè. Ọwọ́ àjèjì tí ń pa ènìyàn wà, nítorí náà. Ọ̀rọ̀ mi yóò jẹ́ òfo bí n kò bá sọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí ó sin òkú wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: kí ni ìdílé àwọn tí ó kú fẹ́? Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí ó ṣe é, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé, ẹni tí ó gbọ́ ìkìlọ̀ àti ẹni tí kò ka ìkìlọ̀ sí. Akọ̀ròyìn ni yóò béèrè fún wọn lónìí. Onímọ̀ ìtàn ni yóò béèrè lọ́la. Bí a bá lẹ àṣírí mọ́ gbogbo rẹ̀, a lè fi bo ètò ogun. A sì lè fi bo àìbìkítà. Ẹni tí ó wà níta kò ní lè mọ ìyàtọ̀.

7. Irú òfin tí ó yẹ kí á béèrè fún

Káàkiri ayé lónìí, àwọn ìjọba ń ṣe òfin lórí ọwọ́ òkèèrè. Amẹ́ríkà ti ní tirẹ̀ láti 1938: kí ẹni tí ń ṣojú ìjọba òkèèrè forúkọ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì fi irú rẹ̀ sínú òfin 2023. Rọ́ṣíà ṣe tirẹ̀ ní 2012, ó sì sọ ọ́ di àmì ìtìjú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tí ó bá gba owó òkèèrè tí kò sì gbè lẹ́yìn ìjọba. Níbí, wọ́n gbé àbá kan wá sí ilé aṣòfin ní 2016 láti fi àjọ ìjọba ṣọ́ àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba àti owó tí wọ́n ń gbà. Ariwo ìlú kò jẹ́ kí ó di òfin. Irú àbá bẹ́ẹ̀ yóò tún padà wá. Nígbà tí ó bá dé, ohun mẹ́rin ni kí á fi wọ̀n ọ́n.

Èkíní: ṣé òfin náà ń béèrè ẹ̀rí pé ìpalára wà àti pé ẹni náà fẹ́ pa ìlú lára, tàbí òǹtẹ̀ àṣírí nìkan ti tó láti dá a lẹ́bi?

Èkejì: ṣé akọ̀ròyìn àti onímọ̀ lè sọ níwájú adájọ́ pé ànfààní ìlú ni ó mú òun tẹ̀ ẹ́ jáde, kí adájọ́ sì wọ̀n ọ́n?

Ẹ̀kẹta: ṣé gbangba ni a ó ti gbọ́ ẹjọ́ náà, láàárín àkókò tí òfin dá, kí ẹni tí a mú tó pẹ́ ní àhámọ́?

Ẹ̀kẹrin, èyí tí ìtàn Mbari kọ́ mi: ṣé òfin owó òkèèrè náà ń béèrè pé kí gbogbo ènìyàn fi orísun owó wọn hàn, títí kan ìjọba àti ilé ẹ̀kọ́ gíga fúnra wọn? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí á tẹ́wọ́ gbà á, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn aláriwísí nìkan ni yóò máa kàwé owó wọn síta, kí á kọ̀ ọ́.

Ojúṣe kù sí ọwọ́ àwa olùkọ́ pẹ̀lú. A kò lè máa bá ìjọba jà nítorí àṣírí kí a sì máa fi orúkọ ẹni tí ó san owó ìwádìí wa pamọ́ fún àwọn ará Ìdóàní àti Ìfọ́n tí à ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí a sọ ẹni tí ó rán wa. Kí a fi ẹ̀dà iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára amí ní ọ̀nà tí ọlọ́pàá kò lè jiyàn rẹ̀.

Ìlú tí ó mọ ilé ajẹ́lẹ̀ kò nílò láti ti olùkọ́ àti oníròyìn rẹ̀ mọ́lé.